Ṣé orúkọ Ẹ̀bìrà lè gba tíkẹ́ẹ̀tì ní Iléṣà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ láti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun. Iléṣà ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ la ti kàwé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé sì ni ìyá wa. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bìrà ni bàbá tó bí bàbá wa. Iṣẹ́ oko kòkó ló gbé wọn wá, orúkọ wọn la sì ń jẹ́ títí dòní. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó lọ fi orúkọ ilé ìyá wa rọ́pò rẹ̀ kó tó gba fọ́ọ̀mù, pé orúkọ Ìgbìrà ò lè wọlé ní ìdìbò abẹ́lé. Ọmọ àǹtí wa kan tó ń gbé ní Chicago ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Ṣé òótọ́ ni? (Arábìnrin kan, Ìjọfi, Iléṣà)

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, mo kí yín, mo sì kí ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n má pààrọ̀ orúkọ. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ fi àlàyé gígùn bo ìdáhùn mọ́lẹ̀. Ọmọ àǹtí yín ò parọ́ o. Ibi tí òótọ́ rẹ̀ mọ ni ká wá, torí pé ohun tí olùdìbò ń rí níwájú rẹ̀ ní Chicago yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń rí ní wọ́ọ̀dù yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Chicago náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1986, ẹgbẹ́ Democrat ní ìpínlẹ̀ Illinois ṣe ìdìbò abẹ́lé. Lọ́dọ̀ wọn, ará ìlú ló ń dìbò abẹ́lé; ẹni tó bá ti ní ìwé ìdìbò ẹgbẹ́ yìí lòun fẹ́, wọ́n á fún un. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí George Sangmeister fún ipò igbákejì gómìnà, wọ́n sì fọwọ́ sí Aurelia Pucinski fún ipò akọ̀wé ìpínlẹ̀. Àwọn méjèèjì ló fìdí rẹmi. Mark Fairchild àti Janice Hart ló nà wọ́n, ọmọlẹ́yìn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lyndon LaRouche, ẹni tí èrò rẹ̀ ṣàjèjì débi pé àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ tiwọn. Adlai Stevenson, tó gba tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní òun ò ní bá irú wọn wà lórí ìwé kan ṣoṣo. Ó ju tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó lọ dá ẹgbẹ́ tuntun, wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá.

Kí ló dé? Ẹ fi ojú inú wo olùdìbò kan ní abúlé kan tó jìnnà sí Chicago. Ìwé ìdìbò wọn gùn, ipò tó wà níbẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ó mọ ẹni tó fẹ́ fún gómìnà. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ dé ipò akọ̀wé ìpínlẹ̀, kò mọ ẹnì kankan mọ́. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè fi ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn, ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Orúkọ nìkan ló kù sílẹ̀: Hart àti Pucinski. Ọ̀kan dún bí orúkọ aládùúgbò rẹ̀, èkejì dún bí ti àwọn ará Poland tó kún inú Chicago. Ó fàlà sí Hart, ó kọjá sí ipò tó kàn. Bóyá kò tilẹ̀ kórìíra ará Poland kankan láyé rẹ̀. (Ní ti Fairchild, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ò jìnnà sí "ọmọ tó rẹwà". Ta ni kò ní dìbò fún ọmọ tó rẹwà?) Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú tèmi.

Àmọ́ àwọn tó máa ń sọ ìtàn yìí kì í sábà sọ ọ́ parí. Ní 1988, ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, Pucinski yìí kan náà dupò akọ̀wé ilé ẹjọ́ ní Cook County, níbi tí Chicago wà, ó sì wọlé. Bàbá rẹ̀ ti ṣojú Chicago ní ilé aṣòfin Washington rí. Orúkọ tó di ẹrù lórí rẹ̀ lóko wá di dúkìá fún un nílé. Sangmeister náà padà lọ du ipò aṣòfin ìjọba àpapọ̀ ní agbègbè tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó wọlé. Wọn ò yí lẹ́tà kan padà nínú orúkọ wọn. Àwọn tó ń ka orúkọ náà ló yí padà.

Ní ti ìpààrọ̀ orúkọ tí ọmọ àǹtí yín sọ, èyíinì tọ́ sí àwọn adájọ́. Ìdìbò ni wọ́n fi ń yan adájọ́ ní Chicago, àwọn tó ń dupò sì máa ń pọ̀ débi pé ẹni tó mọ ìwà tàbí ìdájọ́ wọn ò tó nǹkan. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣàkíyèsí pé orúkọ tó bá dún bíi ti àwọn ará Ireland máa ń ta dáadáa níbẹ̀. Làwọn lọ́yà kan bá lọ sí kóòtù, wọ́n lọ gba orúkọ Ireland wọ̀ bí aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ó burú débi pé ìpínlẹ̀ Illinois ṣòfin ní 2007: ẹni tó bá pààrọ̀ orúkọ láàárín ọdún mẹ́ta ṣáájú ìdìbò, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ àtijọ́ tì í lórí ìwé ìdìbò. Nítorí náà, kódà ní Chicago tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún yín, òfin ti lé ọgbọ́n yẹn bá.

Orúkọ tí etí ti gbọ́ rí lágbára, mi ò jiyàn. Ẹ wo ọjà Àtàkúnmọ́sà. Ọmọdé tí wọ́n rán ní ọṣẹ ìfọṣọ á ní, "Ẹ ta Omo fún mi," ẹni tó ń tajà á bi í pé, "Omo èwo?" Orúkọ ọṣẹ kan ti gbé gbogbo ọṣẹ mì. Ní 1968 ni Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn pé ohun tí a bá sáà ti ń rí léraléra, ọkàn wa á máa fà sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ire rẹ̀ fún wa. Àwọn olùkọ́ méjì ní yunifásítì Vanderbilt, Cindy Kam àti Elizabeth Zechmeister, gbé e dé ọ̀rọ̀ ìbò nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013. Wọ́n ri bọ́ọ̀dù kéékèèké tí wọ́n kọ orúkọ Griffin sí mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì kan nítòsí ilé ìwé. Kò sí Griffin kankan tó ń dupò; àwọn ni wọ́n dá orúkọ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn òbí léèrè lẹ́yìn náà, àwọn tó ń gba títì yẹn kọjá fẹ́ràn Griffin ju àwọn tó ń gba ibòmíràn lọ. Bọ́ọ̀dù lásán o, kò sí ìlérí kankan lórí rẹ̀.

Tí ẹ bá kíyè sí i, ohun kan náà ló wà nídìí gbogbo ìtàn wọ̀nyí. Ibi tí olùdìbò ò ti mọ nǹkan mìíràn ni orúkọ ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi máa ń ràn nínú ìdìbò abẹ́lé wọn ju ìdìbò gbogbogbòò lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ wálé. Ìwé ìdìbò tí INEC ń tẹ̀ kò ní orúkọ èèyàn kankan nínú. Àmì ẹgbẹ́ àti ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lójú rẹ̀: ìgbálẹ̀, agbòòrùn, àti àwọn yòókù. Ìyá arúgbó tó lọ tẹ̀ka lọ́jọ́ ìdìbò ò ní rí orúkọ ẹ̀gbọ́n yín níbi kankan, ì báà jẹ́ ti Ẹ̀bìrà, ì báà jẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà. Ní 2015, Rita Orji, Tony Nwoolu àti Oghene Egoh gba ìjókòó ilé aṣojú-ṣòfin l'Ékòó lábẹ́ agbòòrùn. Òótọ́ ni pé àwọn tí kì í ṣe Yorùbá pọ̀ ní agbègbè wọn, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà kò rí "Orji" lójú ìwé kó tó tẹ̀ka. Agbòòrùn ló rí.

Nítorí náà, tí orúkọ bá máa pa ẹ̀gbọ́n yín lára, abẹ́ ilé ẹgbẹ́ ló ti máa pa á. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹgbẹ́: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, tàbí kí dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú tí ọmọ ẹgbẹ́ yàn, dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan, kí àwọn tó kù sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà. Òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní 2026, ó sì yọ ọ̀nà dẹ́lígéètì kúrò. Ti ìfẹnukò, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dẹ́lígéètì yé yín dáadáa. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe olùdìbò Illinois. Wọ́n mọ ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà ọdún ìbílẹ̀ títí di ìnáwó òkú, wọ́n mọ ẹni tó gbé fóònù wọn àti ẹni tí kò gbé e. Ní oṣù Keje ọdún 2018, PDP ṣe ìdìbò abẹ́lé gómìnà ní Ọ̀ṣun. Ṣé orúkọ kan wà tí etí mọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ju Adélékè lọ? Isiaka ti ṣe gómìnà, ó ti ṣe sẹ́nétọ̀, "Ṣèrùbàwọ́n" ni tọmọdé tàgbà ń pè é; ìgbà tó kú ní 2017, Ademola àbúrò rẹ̀ ló gba ìjókòó sẹ́nétọ̀ náà. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìbò 1,569 ni Ademola ní, Akin Ògúnbíyì ní 1,562. Ìbò méje! Tí orúkọ nìkan bá tó, ìbá má jẹ́ méje.

Ẹ tún rántí Uncle Bọ́lá Ìgè, ará Ẹ̀sà-Òkè, ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tiyín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, ẹgbẹ́ AD jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans n'Ìbàdàn láti yan ẹni tó máa dupò ààrẹ. Èèyàn 23 ló dìbò. Ẹni tó ti ṣe gómìnà Ọ̀yọ́, tí ọmọ kékeré mọ ohùn rẹ̀ lórí rédíò, ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n mú Olú Fálaè. Àwọn 23 yẹn ò ṣe àìmọ orúkọ Ìgè. Mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ju orúkọ lọ ló fà á.

(Owó ńkọ́? Ẹ ò bi mí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà pé mo ti sọ òótọ́ tí n ò bá dárúkọ rẹ̀. "Dìbò kóo sebẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta gbangba nìkan, ọ̀dọ̀ dẹ́lígéètì ni ọbẹ̀ ti pọ̀ jù. Orúkọ ìyá yín ò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn.)

Ó wá ku èyí tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa ń dìbò, ibi tí wọ́n ti ń tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí ní wọ́ọ̀dù kan ní Ìlódè, Ifẹ̀ níbí. Ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ pósítà àwọn olùdíje mọ́ ara tábìlì akẹ́kọ̀ọ́, tábìlì kan fún ẹnì kan, kálukú sì ń tò. Oòrùn mú gan-an. Ìyá àgbàlagbà kan dé, ó fi gèlè nu ojú, ó wo pósítà àkọ́kọ́, ó wo èkejì. Wọ́n kọ orúkọ bàbá àwọn olùdíje gàdàgbà gadagba, wọ́n sì fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì méjì méjì síwájú rẹ̀. Mama yìí ò ka èyíkéyìí. Ó bi ọmọkùnrin tó ń tò wọ́n pé, "Èwo ni ọmọ Bàbá Télọ̀ nínú wọn?" Ọmọkùnrin náà ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Bàbá Télọ̀. Ó ní, "Mama, ẹ tò síbí," ó sì tì wọ́n sórí ìlà tó sún mọ́ ọn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí obìnrin kan tó kígbe láti ìlà kejì pé, "Ìyá wa, ọmọ Bàbá Télọ̀ nìyí o!" Mama fi ìlà yẹn sílẹ̀, ó ń bú ọmọkùnrin náà lọ.

Ará Ọ̀fà ni Bàbá Télọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ Ìlódè. Orúkọ bàbá rẹ̀ tó wà lórí pósítà yẹn, mi ò rò pé ẹni márùn-ún mọ̀ ọ́n ní àdúgbò náà. Ẹni tó tẹ pósítà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìbò ọmọ rẹ̀, torí pé orúkọ tó gbé síta kì í ṣe orúkọ tó wà lẹ́nu èèyàn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ bá ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń pe Arẹ́gbẹ́ṣọlà ní Iléṣà yín ní gbogbo ọdún mẹ́jọ tó fi ṣe gómìnà: "Ọgbẹ́ni". Orúkọ tí kò sí nínú ìwé ẹ̀rí kankan.

Mi ò sọ pé etí wa kì í fi orúkọ ya èèyàn sọ́tọ̀ o. Yorùbá ni wá. Tí a bá gbọ́ Adé, a ti ń ro ààfin. Àyàn, a ti ń gbọ́ ìlù. Ọ̀jẹ̀, eégún ti ń jó lójú wa. Ní Ifẹ̀, lẹ́yìn ìjà wa pẹ̀lú Modákẹ́kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, mo mọ àwọn tó jẹ́ pé orúkọ tó bá ti dún bí ti Ọ̀yọ́ létí wọn, ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e ni "Níbo lò ń gbé?" Yorùbá sí Yorùbá nìyẹn, Ẹ̀bìrà ò tíì dé ibẹ̀. Síbẹ̀ etí yìí kan náà rọrùn láti tàn. Onimisi, orúkọ Ẹ̀bìrà ni, ẹ pè é sétí ẹni tí kò mọ Ẹ̀bìrà rí, á ní "Onímìísí, orúkọ ẹlẹ́mìí ni." Ẹ sì wo Haastrup. Ẹ fi han ẹni tí kò dé Iléṣà rí, á ní òyìnbó ni. Ìdílé ọba ni wọ́n ní Iléṣà. Haastrup ni igbákejì gómìnà tó bá Isiaka Adélékè ṣèjọba ní Ọ̀ṣun ní 1992, Haastrup náà ló sì gorí oyè Owá Obòkun lẹ́yìn tí Owá Arómọlárán wàjà ní 2024. Ìlú tó lè gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gorí ìtẹ́ kì í ṣe ìlú tó ń fi ìró orúkọ nìkan díwọ̀n èèyàn. "Ọmọ ilé wo ni?" ni wọ́n ń béèrè. Ẹ̀yin ní ìdáhùn sí ìyẹn: ilé ìyá yín wà níbẹ̀, ẹ lè tọ́ka sí i. Kí wọ́n ki oríkì ilé náà sí ẹ̀gbọ́n yín létí ní gbangba. Ìyẹn yàtọ̀ sí kó sọ pé òun kì í ṣe ọmọ bàbá òun.

Torí pé ohun tí ìpààrọ̀ orúkọ máa sọ nìyẹn. Ẹni tó ń bá a dupò ti mọ orúkọ bàbá yín. Tí ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ orúkọ rẹ̀, òǹtakò á ní "Ìgbìrà ni," èsì rẹ̀ á sì rọrùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi sì ni lágbájá, ibí ni wọ́n bí mi sí." Òfin orílẹ̀-èdè wa ò béèrè ìran lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ọmọ Nàìjíríà, ọjọ́ orí, ìwé ẹ̀rí àti ẹgbẹ́ ló béèrè. Ṣùgbọ́n tó bá pààrọ̀ rẹ̀, òǹtakò á ní "Ó ń sá fún orúkọ bàbá rẹ̀." Ìyẹn ò ní èsì ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ewu tó ju ìyẹn lọ wà ní kóòtù. Ẹ ó rántí Bayelsa. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé ìwọlé David Lyon sípò gómìnà, ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n búra fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ Lyon kọ́. Igbákejì rẹ̀, Biobarakuma Degi-Eremienyo, ló kó ìwé ẹ̀rí tí orúkọ inú wọn ò bára mu fún INEC. Douye Diri, ẹni tí wọ́n ti dìbò borí rẹ̀, ni wọ́n búra fún lọ́jọ́ kejì. Èèyàn lè pààrọ̀ orúkọ lọ́nà tó bófin mu, kó búra ní kóòtù, kó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kó tọ́jú gbogbo ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń wá tí wọ́n á fi kó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́yà alátakò lọ́wọ́ ní oṣù mélòó kan sí ìdìbò?

Dípò ìyẹn, kí wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí WAEC, káàdì ìdìbò àti káàdì ẹgbẹ́ síwájú, kí wọ́n wò ó lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ Ẹ̀bìrà lọ́wọ́ akọ̀wé Yorùbá, ẹ ò mọ ohun tó máa ń dà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ di Oní-nǹkan-kan. Òfin ní kí ẹgbẹ́ kó ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ fún INEC ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Kí ẹ̀gbọ́n lọ bá akọ̀wé wọ́ọ̀dù, kí wọ́n fojú ara wọn rí orúkọ wọn níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Tí àṣìṣe bá wà, ìsinsìnyí ni kí wọ́n tún un ṣe.

Ní ti pósítà, ẹ fi orúkọ gidi sí i, kó bá ti fọ́ọ̀mù mu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ tí wọ́n ń pè é sábẹ́ rẹ̀, kó tóbi ju ti òkè lọ. Ẹ ò sọ fún mi iṣẹ́ tí bàbá yín ṣe ní Iléṣà, ẹ ò sì sọ ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń tajà ní Àtàkúnmọ́sà, ẹ bi àwọn ọlọ́kadà Ìjọfi, pé kí ni wọ́n ń pè é tí kò bá sí níbẹ̀. Tí mẹ́rin nínú márùn-ún bá dárúkọ kan náà, ẹ gbé e lọ fún onítẹ̀wé.